Ojúlówó àti Irin Eléyín

Gbogbo àdúgbò ló ń pe ọkùnrin atúnaagoṣe yìí ní Ojúlówó. Kò sẹ́ni tó kẹ́dùn pé orúkọ náà mọ́ ọn lórí, nítorí òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí o bá gbé aago wá fún un, tí irin tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, kò ní bá ọ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láé. Á ní kí o máa lọ sílé, kí o máa retí òun. Àwọn kan ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí wọn ò tíì hu ewú. Nígbà tí síìpù ṣòkòtò òun alára bàjẹ́, pín-ìnnì ló fi há a fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lééwo nítan, torí pé síìpù tí télọ̀ fẹ́ fi sí i kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé ta ló fẹ́ tẹ̀ ba wo síìpù rẹ̀. Ó ní, "Èmi tí mo wọ̀ ọ́ mọ̀."

Irú ẹni báyìí ló wá lọ gbé ọkọ̀ àtijọ́ wálé. Ilé ìtura ńlá kan ló ń fi ọkọ̀ náà gbé àwọn ọlọ́lá nígbà kan rí. Ó gùn gbọọrọ, awọ ni ìjókòó rẹ̀, igi dídán ló wà níwájú awakọ̀. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n fi ṣe òrùlé rẹ̀, bí o bá sì tẹ bọ́tìnì kan, òrùlé náà á ká ara rẹ̀ sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọlọ́lá lórí. Nígbà tí Ojúlówó rí i, koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde, eku sì ti sọ ìjókòó ẹ̀yìn di ilé oníyàrá púpọ̀. Ṣùgbọ́n aago kékeré kan wà lára igi dídán yẹn. Ó yí i díẹ̀, aago náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ẹni bá ń bá a sọ̀rọ̀ kàn ń da ẹnu ara rẹ̀ láàmú ni.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí ti kógbá sílé tipẹ́, nítorí náà wíwá ẹ̀yà ara rẹ̀ di iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Jígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kan, tó fi ń han àwọn oníbàárà ní ìpàkọ́ wọn. Ojúlówó ń lọ gẹrun níbẹ̀ títí orí rẹ̀ fi ń dán gbinrin kí ọ̀gbẹ́ni náà tó gbà láti fi ṣe pààrọ̀ jígí tuntun. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kan wà ní yàrá lọ́yà kan, orí àga lọ́yà ló ti ń tàn fún ìwé kíkà. Ní ti ìdérí wíìlì, ajá ńlá kan ló ń jẹun nínú rẹ̀. Olówó ajá yọ̀ǹda, ajá ò yọ̀ǹda. Ṣòkòtò tó fàya lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ síìpù rárá.

Gbogbo eléyìí ni ìyàwó rẹ̀ ń wò níran. Oníbúrẹ́dì ni obìnrin náà, inú kíṣíìnì ló sì ti ń yan búrẹ́dì láti ọjọ́ pípẹ́, díẹ̀díẹ̀, nínú ààrò tí kò gbà ju ìwọ̀nba lọ. Ọlọ́run wá bá a ṣe é, ilé ẹ̀kọ́ kan ní òun ni kó máa gbé búrẹ́dì àárọ̀ wá fún àwọn ọmọ. Obìnrin náà ra ààrò ńlá, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Ààrò wà nínú ọgbà lábẹ́ tapólì, ẹ̀rọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo ará ilé sì fi ń kọjá lára rẹ̀. Inú gáréèjì ló yẹ àwọn méjèèjì, ọkọ̀ Ojúlówó ló sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé ọkọ̀ òun á ti jáde kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́: bí búrẹ́dì ò bá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n wọlé, oníbúrẹ́dì mìíràn wà ní òdìkejì títì.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni ọkọ̀ náà jí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún, àwọn aládùúgbò pariwo, orí Ojúlówó sì wú. Dípò kó wa ọkọ̀ jáde wẹ́rẹ́ kó gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bí òrùlé ṣe ń ṣí. Ó tẹ bọ́tìnì. Òrùlé dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ọlá, ó dé ìdajì ọ̀nà, nǹkan kan ké kàà nínú ẹ̀yìn ọkọ̀, òrùlé bá dúró ṣánṣán. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, pàbó. Ó sì ga ju àtẹ́rígbà gáréèjì lọ.

Ojúlówó tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irin róbótó kan wà níbẹ̀, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tó ní eyín yíká. Òun ló ń yí òrùlé. Eyín rẹ̀ ti ká bíi ti ọmọ tó ń pààrọ̀ eyín.

Àwọn aládùúgbò ò kúkú ṣaláìní ìmọ̀ràn. Wọ́n tú afẹ́fẹ́ táyà kí ọkọ̀ lè wálẹ̀, òrùlé ṣì ga. Bíríkìlà ní kí wọ́n fọ́ àtẹ́rígbà, ṣùgbọ́n àtẹ́rígbà yẹn ló gbé yàrá òkè dúró, yàrá òkè sì ni tọkọtaya náà ń sùn. Káfíńtà gbé ayùn dé, ó ní egungun òrùlé lòun máa gé. Ojúlówó na apá méjèèjì dí ọkọ̀.

Ó ní, "Tèmi ni kó o kọ́kọ́ gé."

Wẹ́dà wá sọ pé òun lè fi irin àlòkù rọ irú irin eléyín náà. Ojúlówó wò ó látòkè délẹ̀. "Ayédèrú? Nínú ọkọ̀ yìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin àti ayédèrú lẹ jọ ń jà. Èmi àti ọjọ́ Ajé la jọ ń jà."

Onígbàjámọ̀ ló ta á lólobó pé ìyá arúgbó kan, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, ní irú ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mètírọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ Ojúlówó ò kanlẹ̀ títí tó fi débẹ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ náà wà, táyà rẹ̀ ò sí, adìyẹ ló sì ń gbé inú rẹ̀. Àkùkọ kan jókòó síbi awakọ̀. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí irin eléyín wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, àgbébọ̀ pupa kan ń sàba.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e kúrò díẹ̀," ni Ojúlówó wí.

"Kí n gbé ta ni?" Mètírọ̀n yọ awò ojú rẹ̀. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò lé abiyamọ kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì rí. Ṣé orí tìrẹ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Bó bá pamọ tán, wá mú irin rẹ."

"Ìgbà wo ló máa pamọ, mà?"

"Bi í."

Ojoojúmọ́ ni Ojúlówó ń lọ sọ́dọ̀ Mètírọ̀n láti wo àgbébọ̀ lójú. Àgbébọ̀ náà ń wo òun náà, kò sì sí èyí tó ń gbójú kúrò fún èkejì.

Ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ jáde lọ ra ìyẹ̀fun. Ojúlówó ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára ẹ̀rọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó rántí bó ṣe dún lálẹ́ àná tí obìnrin náà dán an wò, bí òrùlé ọkọ̀ ṣe dún gẹ́lẹ́. Etí tó ti ń gbọ́ tinú aago láti ìgbà èwe kì í ṣe etí lásán. Ó tú ìdí ẹ̀rọ náà. Irin eléyín kan jókòó síbẹ̀, ó rí róbótó, ìwọ̀n kan náà, iye eyín kan náà. Ọkàn kan sọ fún un pé ayédèrú ni. Ọkàn kejì ní kó kàn wò ó bóyá ó máa wọ̀, pé wíwò lásán kò burú. Ó fi sínú ọkọ̀, ó wọ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i síbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, òrùlé ká ara rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ó wa ọkọ̀ jáde sí iwájú ilé. Nítorí pé kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ó tún jókòó, ó lẹ awọ ìjókòó ẹ̀yìn padà, ó sì fi ìṣó wíwẹ́wẹ́ kàn án bí àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ṣe kàn án gẹ́lẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ dé, ó bá gáréèjì lófìfo. Ó ju àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀, ó fò mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn lójú gbogbo ayé.

"Olówó orí mi! Ṣé adìyẹ ti pamọ ni?"

Ojúlówó húkọ́. Ó ní kí wọ́n tètè gbé ààrò àti ẹ̀rọ wọ gáréèjì kí òjò tó rọ̀. Òjò ò ṣú rárá. Ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé tí àgbébọ̀ bá ṣáà ti pamọ lálẹ́ yẹn, òun á fi tibẹ̀ sínú ẹ̀rọ kí obìnrin náà tó mọ nǹkan kan. Àgbàlagbà ọkùnrin ló wá ń fi adìyẹ ṣe onídùúró!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, obìnrin náà da omi àti ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ, ó tan iná sí i. Ẹ̀rọ kùn hùn-ùn, abọ́ rẹ̀ ò yí. Ó pa á, ó tún tàn án. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ṣe?"

Ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pín-ìnnì há ṣòkòtò?"

"Màá yọ ọ́ padà. Àmọ́ gọ́ọ̀mù awọ yẹn ò tíì gbẹ. Bí mo bá fà á lónìí, awọ á ya."

"Ẹ fà á ya."

Ojúlówó mú ẹ̀mú, ó lọ sídìí ọkọ̀. Ó di etí awọ náà mú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ó máa fà á ya lóòótọ́. Inú tó ń bí i rọ̀ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ kó rọ̀.

Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Níbo ni ìyá aládìyẹ yẹn ń gbé?"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Mètírọ̀n ti ká apá aṣọ sókè. Ẹyin ti ń sán. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pariwo. Ìyàwó Ojúlówó kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń rọ àgbébọ̀ pé kó ṣara gírí, pé òun náà ti bímọ rí, òun mọ bó ṣe máa ń rí. Ojúlówó gbé agbọ̀n tí wọ́n fi koríko tẹ́ lọ́wọ́ bíi bàbá ọmọ tuntun. Òròmọdìyẹ kan yọrí, òmíràn tẹ̀ lé e, títí tó fi ku ẹyin kan tí kò yára, tí gbogbo wọn sì ń gbàdúrà fún. Nígbà tí ìyẹn náà jáde, Mètírọ̀n kó ìyá àtọmọ sínú agbọ̀n.

"Ó yá, aláago. Bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo."

Irin eléyín náà wà níbẹ̀, gíríìsì ti bò ó, eyín rẹ̀ pé, àmì àwọn tó ṣe é sì hàn kedere lára rẹ̀. Omi lé ròrò sí Ojúlówó lójú. Ó fi áńkáṣíìfù wé e, kò sì gbé e fún ẹnikẹ́ni títí tí wọ́n fi délé. Ọkọ̀ rẹ̀ ló wà níwájú ilé. Ó rọra kọjá lára rẹ̀, ó wọ gáréèjì, ó sì fi irin náà sínú ẹ̀rọ ìyàwó rẹ̀. Abọ́ yí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì gbígbóná dé ilé ẹ̀kọ́ kí agogo tó lù.

Ojúlówó ní ọjọ́ ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ lòun máa ṣe pààrọ̀ àwọn irin náà. Kí ìsinmi tó dé, ẹgbẹ́ àwọn olọ́kọ̀ àtijọ́ rán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá wo ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní ayédèrú kankan nínú ni wọ́n máa ń kan pátákó idẹ mọ́ níwájú. Ọkùnrin náà mú pátákó idẹ náà dání. Ó yẹ jígí wò, ó yẹ ìdérí wíìlì wò, ó ń mi orí. Ó ní kí wọ́n ká òrùlé, òrùlé ká ara rẹ̀.

"Irin tó ń yí èyí ńkọ́? Ojúlówó ni?"

Ó lè parọ́. Awọ ti bò ó, kò sẹ́ni tó máa tú u. Ojúlówó mú àlejò náà lọ sí gáréèjì, níbi tí ẹ̀rọ ti ń yí, tí ìyàwó rẹ̀ sì dúró tì í.

Ó ní, "Inú èyí ni ojúlówó wà."

Onírùngbọ̀n wo ẹ̀rọ, ó wo Ojúlówó. "Ẹ yọ ọ́ síbi tó yẹ ẹ́, sà. Mo lè dúró dè yín."

Ojúlówó wo pátákó idẹ. Ó wu ú débi pé ó fọwọ́ kàn án. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyẹn ò sọ nǹkan kan.

"Búrẹ́dì àwọn ọmọ ló wà nínú rẹ̀," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ayédèrú kan wà nínú ọkọ̀ mi."

Ọkùnrin náà fi pátákó náà sápò, ó kí wọn, ó lọ. Ìyàwó Ojúlówó dúró títí tí ẹsẹ̀ àlejò fi dákẹ́ lójú títì kó tó pa ẹ̀rọ. Ó yí ẹnu abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Omi ọṣẹ ló dà jáde.

Ojúlówó la ẹnu sílẹ̀. "O ti po ti òní tán?"

"Láti àárọ̀. Mò ń fọ abọ́ ni."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ."