Bí Wendell Haukoos Ṣe Ń Tún Táyà Ṣe

Wendell Haukoos kò mọ̀ pé òun ti gé ara òun. Joyce, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tó gbé ọbẹ̀ wá fún un: ẹ̀jẹ̀ lórí tábìlì, lára táyà oníke kékeré kan, àti ní ìka ọwọ́ ọ̀tún tí Wendell fi ń nu iwájú orí.

"Wendell, kí lo fi gé ọwọ́?"

"Ọwọ́ wo?"

Láti ìgbà tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti kọlù ú nílé iṣẹ́ bébà ní Cloquet, ọwọ́ yẹn ń ṣe ohun tó bá ní kó ṣe, ṣùgbọ́n kì í jíṣẹ́ kankan fún un mọ́. Iná, yìnyín, ẹnu ọbẹ, ìkan náà ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn ló fi ń tún táyà ṣe fún ọkọ̀ onígi kékeré tí a máa ń fi sáré ní yàrá abẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣù Èrèlé. Àwọn ọmọ Síkáòtù ló ni eré náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe tán, àwọn àgbà á gbé tiwọn jáde, ariwo wọn á sì ju ti àwọn ọmọ lọ. Ohun kan náà ló wà nínú páálí oníkálukú: ègé igi páìnì kan tí kò gùn ju ọwọ́ èèyàn lọ, táyà mẹ́rin, àti ìṣó tí táyà yóò máa yí lára rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n á tú ọkọ̀ sílẹ̀ lórí pákó tó dagun, ó di ìsàlẹ̀. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ̀yìn ló máa wà.

Joyce pa ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà lẹ́nu ọbẹ. "Ẹ̀rọ yìí máa kúrò nílé yìí."

"Ilé ta ni?"

"Má bá mi ṣàwàdà. Lọ́jọ́ tí ìka ẹ bá já bọ́ sílẹ̀, ajá ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

"Jẹ́ kí n sá eré tọdún yìí ná."

"Tó o bá gbẹ̀yìn ńkọ́?"

Wendell wo ẹ̀rọ náà títí. "Tí mo bá gbẹ̀yìn, gbé e fáwọn ọmọ Síkáòtù. Tí mi ò bá gbẹ̀yìn, o ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

"Mo gbà," ni Joyce wí.

Wendell wọ ìbọ̀wọ́ awọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òsì kọ́ iṣẹ́ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Táyà tó kọ́kọ́ bàjẹ́ kún agolo kọfí. Ọwọ́ òsì a máa tẹ̀ ẹ́ jù, apá kan táyà á fẹ́lẹ́, apá kejì á nípọn. Ó jù wọ́n nù, ó tún mú òmíràn. Nígbà tí ojú táyà wá dọ́gba, ó fi sanpépà ra ìṣó títí ó fi ń dán, ó da ìyẹ̀fun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsùlù sí i kó lè máa yọ̀, ó ti táyà bọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ìka ló fi ń mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Nísinsìnyí ó gbé orí ìṣó náà kan ètè ìsàlẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ta táyà kó máa yí. Èyí tó bá ń rìn ín létè kò tíì dáa. Èyí tó bá dà bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Gary Dufek, pùlọ́ńbà tó ń gba ipò kìíní lọ́dọọdún, bá a nídìí rẹ̀. "Jẹ́ kí n bá ẹ ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Èmi máa mọ̀."

"Ètè ẹ ti dúdú o. Ìyàwó wo lò ń fẹnu kò lẹ́nu?"

"Èyí tó máa nà ẹ́."

Lọ́jọ́ eré, ọkọ̀ Wendell ṣe dáadáa nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe dúró sórí tìmùtìmù nísàlẹ̀, ọkọ̀ Gary fò kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì gbá a. Ìṣó táyà iwájú lápá òsì wọ́. Wọ́n fún un láyè kó tún un ṣe kí wọ́n tó tún sáré.

Ojú ti Gary. "Wendell, mú un wá. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Fi sílẹ̀."

Ó fa ìṣó náà yọ, ó nà án, ó tún fi sanpépà ra á, ó da ìyẹ̀fun sí i, ó sì gbé e kan ètè níwájú gbogbo ìjọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò gbójú sókè. Ó fi òsì tì í padà sínú igi, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kéèyàn dán ọkọ̀ wò lórí pákó eré, kò sì sí pákó mìíràn tó dagun níbẹ̀ tí yóò fi wò ó bóyá ọkọ̀ náà ń lọ bó ṣe yẹ.

Joyce, tó ti káwọ́ gbera látàárọ̀, kó ìwé orin bíi mélòó kan, ó sì fi wọ́n ki ẹsẹ̀ tábìlì lápá kan. Tábìlì dagun. Ó dúró ní ìsàlẹ̀, ó tẹ́wọ́. "Tú u sílẹ̀."

Ọkọ̀ náà yí wá.

"Ó ń yà sọ́tùn-ún," ni Joyce wí. "Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

"Òsì ló yẹ kó yà sí, díẹ̀ báyìí, kó lè fara ti igi ojú ọ̀nà, kó má máa gbọ̀n." Wendell fi ẹ̀mú yí ìṣó náà. "Tún gbà á."

Ó yà sí òsì.

Nígbà tí wọ́n sáré tán, tí wọ́n sì ro àkókò gbogbo ọkọ̀ pọ̀, Gary ló ṣe ipò kìíní. Pásítọ̀ Engebretsen, tí gọ́ọ̀mù ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, ló gbẹ̀yìn. Wendell ló wà níwájú pásítọ̀ gan-an.

"Pásítọ̀ nìkan lo nà," ni Joyce wí.

"Èmi kọ́ ni mo gbẹ̀yìn."

Joyce wọ kóòtù rẹ̀, ó de bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn. "Tó o bá fẹ́ tan ẹ̀rọ yẹn, pè mí kí n wá jókòó tì ẹ́."

"O ní o ò ní sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́."

"Mi ò ní sọ̀rọ̀. Màá kàn jókòó ni."

Wendell gbé ọkọ̀ náà sápá. "Àárọ̀ Sátidé," ló wí. "Bá mi mú àpò sanpépà kan dání."