Àrọ̀ tí mo rí nínú odò ẹ̀yìn fáktírì

Ayọ̀ tí mo yọ̀ láàárọ̀ yìí kò pé wákàtí kan tó fi dòfo.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bu omi odò lọ fún àyẹ̀wò. Ohun tó bá ń gbé inú omi máa ń fi DNA ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, a ó sì mọ̀ ọ́n láì fojú rí i. Èsì odò tó gba ẹ̀yìn àwọn fáktírì Agége jáde lónìí: ẹja àrọ̀ wà níbẹ̀! Nínú omi dúdú yẹn, tó ń gbóná sí i lọ́dọọdún!

Mo sáré lọ bá Ìyá Ṣùkúrà tó ń ta àrọ̀ láàyè létí odò náà.

"Màmá, àrọ̀ ṣì wà nínú odò yìí o!"

Wọ́n wò mí tàánútàánú. "Àrọ̀ tèmi ni. Ibẹ̀ ni mo ń da ìfun wọn sí."

"Ṣé kò lè sí ti odò fúnra rẹ̀ náà ni?"

"Ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ mi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó mú igbá wá, ó ti kú, ó ti léfòó."

Àrọ̀ o! Ẹja tó ń yè nínú ẹrẹ̀!

Ẹ̀yin ọmọ Agége, ẹja wo lẹ fojú ara yín rí kẹ́yìn nínú odò yẹn? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó jọ pé orúkọ nìkan ló kù.