Ibà Tí Kò Rí Oòrùn

Oòrùn ní í fa ibà: ohun tí gbogbo wa mọ̀ ní Àpòmù nìyẹn. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú ni ibà ń mú. Ta ló gbọ́ ọ rí pé ibà ń ṣe ọmọ tuntun tí kò tíì jáde nínú yàrá?

Bẹ́ẹ̀, ara àkọ́bí mi gbóná janjan, ó sì kọ ọmú. Ọkọ mi wà lóko. Ìyá rẹ̀ ló wà pẹ̀lú wa, wọ́n sì tẹ́ ẹní wọn sẹ́nu ọ̀nà, nítorí nínú ilé wọn, ọmọ kì í jáde kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí mo bá ní ara ọmọ gbóná jù, wọ́n á ní ara ọmọ tuntun kì í tutù. Wọ́n ń fi omi nù ún, wọ́n ń kọrin fún un. Wọn kì í ṣe ìkà, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí n kò rí ẹni bá jà. Yàrá náà há mọ́ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ìyàwó yìí láfojúdi. Ẹni bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà yanu láti sunkún, ohùn kò jáde. Mo kúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú. Bí ọmọ yìí bá kú sínú yàrá yìí, ta la fẹ́ sọ lórúkọ?"

Wọ́n dìde, wọ́n ká ẹní wọn. Àwọn fúnra wọn ló gbé ọmọ sábẹ́ ìborùn, a sì wọ ọkọ̀ tó ń kó kòkó lọ sí Ìkirè.

Nọ́ọ̀sì gún gìgísẹ̀ ọmọ, ó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí dígí pẹlẹbẹ, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ó ní ibà ni. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oòrùn wo ni ọmọ yìí rí. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀fọn ló ń fa ibà, kì í ṣe oòrùn. Ó bi mí bóyá ibà ṣe mí nínú oyún. Ó kúkú ṣe mí, nígbà tí mò ń sá kòkó.

"Inú rẹ ló ti bá a wá," ló wí. "Ó dára tí ẹ tètè gbé e wá."

Ó fún un ní oògùn kíkorò, ọmọ gbé e mì. Ayọ̀ ń pa mí lẹ́kún, n kò tètè rí i pé ìyá ọkọ mi ti sún mọ́ nọ́ọ̀sì. Ọkọ mi nìkan ló yè nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n bí.

"Àwọn tèmi tí mo sin kí a tó sọ wọ́n lórúkọ," ni wọ́n sọ fún nọ́ọ̀sì, "ara gbogbo wọn ló gbóná báyìí."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ tí wọn ì bá sọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.