Oògùn Tí Ìyá Mi Ń Tọ́jú

Ìyá mi ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Òkè-Àjé n'Íjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n abọ́ tó ti kán lẹ́nu la fi ń jẹun nílé. Èyí tó dára ń dúró de àlejò. Aṣọ rẹ̀ tuntun á wà nínú àpótí títí tí ayé á fi pa irú ẹ̀ tì. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àbúrò mi obìnrin ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, igbe rẹ̀ á dé ilé kejì, àwa yòókù á kàn jókòó, a ò mọ ohun tí a lè ṣe.

Mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ológun sì ti gbàjọba, nígbà tí dókítà kan wá láti yunifásítì. Ó ń dán oògùn olómi kan wò, tí wọ́n fi gbòǹgbò igi pákò ṣe. Àràárọ̀ ni kí àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí máa mu ún, yálà ara ń ro wọ́n tàbí kò ro wọ́n, òun á sì máa padà wá gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ yẹ̀ wò. Kò sọ fún wa pé ó ń wo àrùn náà sàn o. Àmọ́ àbúrò mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fo okùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá mi sì dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kan, dókítà dé pẹ̀lú ojú tó fà ro. Ó ní ìjọba àpapọ̀ ò fún àwọn lówó ìwádìí mọ́, ìgò tí òun kó wá yìí ló kẹ́yìn.

"Ẹ ṣáà máa fún un láràárọ̀, Mà," ló wí. "Tó bá tán, ó tán nìyẹn."

Ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi? Bí ọkùnrin náà ṣe yíjú padà ló kó àwọn ìgò náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn abọ́ àlejò, ó sì tì í.

"Ara ẹ̀ le báyìí," ló sọ fún wa. "Ọjọ́ tó bá ń ro ó la máa nílò ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Lójú tèmi, ọgbọ́n ló dá.

Ìgbà ọyẹ́ ni ìrora náà padà dé. Ìyá mi sáré ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fún un mu, ó tún fún un mu. Igbe kò dáwọ́ dúró. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, ibẹ̀ ló kú sí. Títí dòní, tí wọ́n bá ń ka ètò ìnáwó ìjọba lórí rédíò, inú á bí mi débi pé mo máa ń pa á.

Dókítà gbọ́, ó wá kí wa. Ìyá mi ò jẹ́ kó jókòó tán tó fi bi í.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wojú mi o. Ká ní mo ń fún un láràárọ̀ ni, ṣé ọmọ mi ì bá má kú?"

Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà.

"A ò mọ̀, Mà," ló wí. "Wọn ò jẹ́ ká ṣe é débi tá a máa fi mọ̀."

Ìyá mi ṣì ń wo ẹnu rẹ̀, bóyá yóò tún sọ nǹkan mìíràn.