Àdúrà Ọ̀sán Mẹ́ta Létí Odò

Ẹni tó bá ń ṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, kì í sáré lọ síbì kan bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti bẹ, tí a dì sínú àpò, tí a rì sínú odò, ó ti ní ọjọ́ tirẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó gbọ́dọ̀ jáde, ká yọ okùn inú rẹ̀, ká fún omi ara rẹ̀ dànù, ká mọ ọ́n róbótó, ká tò ó sórí àjà, ká sì dáná sí i lábẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi, yóò jẹrà, òórùn rẹ̀ yóò sì lé èèyàn kúrò létí odò. Ní Iyansan níbi tí mo ń gbé, ọmọdé mọ èyí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n wá pè mí lóko lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé ọkọ mi já láti orí ọ̀pẹ, ohun kejì tó wá sí mi lọ́kàn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sódò lánàá ọjọ́ náà.

Ọ̀pẹ náà ò tiẹ̀ ga. Eegun ìhà rẹ̀ méjì ló kán, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ̀, kò ṣeé tẹ̀. Ọ̀kadà ò lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, takisí kan tó ń bọ̀ láti Ode-Irele ló bá wa gbé e dé ọsibítù ní Òkìtìpupa. Àwọn ọmọ wa, ìbejì ni wọ́n, ti dàgbà, wọ́n sì ti gba ọ̀nà jíjìn lọ síbi iṣẹ́ wọn. Èmi nìkan ni mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìjọ Aládùúrà ni à ń lọ. Tàbí kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mò ń lọ, òun ń sìn mí lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bá mi gba ọ̀pẹ gígùn lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó wò mí, ó ní ó dà bíi pé àdúrà mi ti gbà. Ẹ̀rín pa á, ìhà dùn ún, ó ké. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mò ń dúpẹ́ pé kò kú, mo sì ń bínú pé ó já, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì mọ èyí tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún Ọlọ́run. Ẹ̀gẹ́ yẹn náà ò kúrò lọ́kàn mi. Oúnjẹ tí a máa jẹ títí òjò yóò fi dá ni.

Nígbà tí a délé, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní, mo sì sáré lọ sódò. Mo ti múra sílẹ̀ fún òórùn. Kò sí òórùn kankan. Àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Ẹni tó kó wọn ò gé okùn, ńṣe ló fara balẹ̀ tú u, ó sì ká okùn náà sórí kùkùté tí mo so ó mọ́. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Olè tó tún ń ká okùn!

Mo bi àwọn obìnrin tó ń lo odò náà léèrè, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò bi. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ odò jù. Opó ni, ó wá láti apá Àrógbò, èdè Ìjọ̀ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, ẹja ló sì ń yan tà. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, ó ń fọ ẹja lókè odò, omi náà sì ń ṣàn bọ̀ níbi ẹ̀gẹ́ mi. Mo sọ fún un lójú gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ pé òórùn ẹja ń wọ púpurú mi, pé ọ̀bùn ni, pé kó lọ máa fọ ẹja rẹ̀ nínú odò bàbá rẹ̀. Ẹnu mi mú, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ odò, láti ìgbà náà a kì í kí ara wa mọ́.

Mo lọ bá ìyá ìjọ wa, obìnrin arúgbó tó ń gbé lẹ́yìn ilé àdúrà. Mo ní kó bá mi dá olè náà lẹ́jọ́ níwájú Ọlọ́run. Ó béèrè bóyá mo ti bi àwọn aládùúgbò. Mo ní mo ti bi wọ́n. Ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò pé.

“Gbàdúrà kí nǹkan rẹ padà,” ó ní. “Ṣùgbọ́n má dárúkọ ẹ̀yà ara ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ o.”

Mo ní mo gbọ́. Mi ò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wọ sùtánà funfun mi, mo fi bàtà sílé, mo mú àbẹ́là kan, mo lọ tàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà. Mo ka ọ̀kan nínú àwọn Sáàmù tí a fi ń bá ọ̀tá jà. Lẹ́yìn náà ni mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́ pé ọwọ́ tó tú okùn yìí, Olúwa, jẹ́ kí iná jó ọwọ́ náà. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ n kò ní purọ́ fún yín, ojú ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń rí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe ń darí lọ sílé, ara mi fúyẹ́, ebi sì ń pa mí dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti já.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé àdúrà dé, èmi àti aládùúgbò tó bá mi di ọkọ mi mú lọ síbẹ̀. Mò ń bọ́ sùtánà lọ́wọ́ nígbà tí mo rí opó náà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ó ru abọ́ ńlá kan, ó fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú. Ó fi àkísà aṣọ wé ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó sọ abọ́ náà kalẹ̀ níwájú mi, púpurú ló kún inú rẹ̀.

“Iye Ìbejì,” ó ní, “ẹ̀gẹ́ yín nìyí. Ìyókù wà nílé.”

Ó ròyìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ọkọ mi já. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó rí i tí àpò mi ń hó nínú omi, ó sì ń retí kí ará ilé mi kan wá yọ ọ́. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó wọ inú omi fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà. Kò ṣe púpurú rí láyé rẹ̀, ó kàn máa ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni. Ó fi eérú àti iyanrìn fọ àjà tó fi ń yan ẹja, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí òórùn má bàa wọ nǹkan mi. Igi ti tutù nítorí òjò, iná ò fẹ́ mú, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́. Kò fẹ́ gbé e wá ní tútù. Ọjọ́ kan ni ẹsẹ̀ àjà yẹ̀, tí púpurú mi fẹ́ dà sínú iná, ó bá fi ọwọ́ gbé e dúró.

Mo bi í pé ọjọ́ wo ni. Ó ní bóyá Ọjọ́rú ni, bóyá ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, òjò ń rọ̀, òun ò ka ọjọ́. Mo tún bi í bóyá àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán. Mo bi í bóyá ó ti ṣáájú àkókò tí èmi sọ̀kalẹ̀ wá sódò. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

“Ọjọ́ kọ́ ló ń ro mí, Iye Ìbejì. Ọwọ́ ni.”

Ó wá fi kún un, láti tù mí nínú, pé òun rí mi pẹ̀lú àbẹ́là létí odò. Ó mọ̀ pé ọkọ mi ni mò ń gbàdúrà fún. Ó ní òun dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, òun sì ń ṣe àmín sí i, lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rò pé mo dúpẹ́, mi ò rántí ohun tí mo sọ gan-an. Nígbà tó lọ, mo ro púpurú náà fún ọkọ mi. Ó jẹ ẹ́, ó ní ó ń rùn bí ẹja díẹ̀, ó sì ní kí n tún bù sí i. Mo ti òkèlè tèmi padà sínú abọ́.

Ẹ bá mi rò ó. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run ló gbọ́ mi, irú Ọlọ́run wo ló ń jó ọwọ́ ẹni tó ń bá mi yan oúnjẹ lọ́wọ́? Bí kò bá sì gbọ́ mi, bó bá jẹ́ pé ọwọ́ náà ti jóná kí n tó tan àbẹ́là, ta ni mo ti ń pè láti ìgbà èwe mi? Bí mo bá ní ṣe ni ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ṣe ni ọkọ mi náà kàn yè bẹ́ẹ̀, mo sì ti jẹ́rìí sí ìyẹn níwájú ìjọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo jó, wọ́n bá mi jó. Orí mi dàrú pátápátá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá ìjọ lọ lọ́jọ́ Ajé, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀yà ara tí mo dárúkọ. Mò ń retí kó bá mi wí, tàbí kó rí ìran. Ó gbọn orí.

“Èmi náà ò mọ̀,” ó ní. “Ta ló ń bá a wẹ egbò náà?”

Kò sí ẹni tó ń bá a wẹ̀ ẹ́. Epo pupa àti iyọ̀ ló fi sí i. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti wú dé ìgúnpá, ó ń rùn, ara rẹ̀ sì gbóná janjan, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó nílò ọwọ́ méjèèjì ló fi ń jẹun. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ńṣe ni mo fi agbára gbé e sórí ọ̀kadà, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo gbá a mú dé Òkìtìpupa. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n gé ẹran tó ti kú kúrò, wọ́n sì sọ fún mi pé ká ní ó fi ọjọ́ méjì sí i ni, ọ̀rọ̀ ìka gígé ni à bá máa sọ.

Láti ọjọ́ náà, mò ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Mò ń wẹ egbò, mò ń dì í. Mò ń bá a fọ ẹja pẹ̀lú, lókè odò, níbi tí mo ti lé e kúrò, àwọn obìnrin tó rí mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di ará Àrógbò. Mo yẹ fún yẹ̀yẹ́. Mo rí i pé ó máa ń kọrin sí ẹja tó bá ń yan án, àti pé kò jẹ́ kí èérí kan wà létí ààrò rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń fẹ́ sọ fún un, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ọ̀rọ̀ náà padà sílé. Tí ó bá lé mi, ó tọ́. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni pé kó má lé mi, kó kàn dákẹ́ bó ṣe dákẹ́ nígbà yẹn.

Ọjọ́ tó lè ká ìka rẹ̀ mẹ́rin, tó ku ìka kékeré nìkan tó ṣì ń ṣoríkunkun, ni mo sọ ọ́. Mo ní àdúrà tí ẹ ṣe àmín sí yẹn, òun ni mo fi ń ṣépè fún yín. Mo ní mo bẹ Ọlọ́run kí ó jó ọwọ́ yín.

Ó ń yí ẹja lọ́wọ́. Ó yí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tún yí méjì mìíràn. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

“Èmi náà gbàdúrà,” ó ní. “Ọjọ́ tí mo yọ ẹ̀gẹ́ yín lódò, mo ní kí Ọlọ́run dá yín dúró ní Òkìtìpupa títí yóò fi gbẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹ bá a ní tútù, kí ẹ tún ní ọ̀bùn ni mí. Ìgbà tí ẹ dé ni mo gbọ́ pé ibà ló kọlu bàbá, tí ẹ fi pẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè wo ojú yín.”

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ kẹfà yẹn gan-an, dókítà ti ní kí a máa lọ sílé lọ́jọ́ kejì. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ibà gbé ọkọ mi, tó ń gbọ̀n, tí mo rò pé yóò kú. Mo la ẹnu láti bi í pé aago mélòó ló gba àdúrà tirẹ̀, mo sì pa á dé.

A jókòó síbẹ̀, àgbà obìnrin méjì, tí ẹ̀rù ẹnu ara wa ń bà wá. Ó ní ká gbàdúrà. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí èmi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu láti béèrè, mo wò ó, mi ò mọ ẹni tí yóò ṣubú lù. Nígbẹ̀yìn, ó dúpẹ́ ní èdè tirẹ̀, mo dúpẹ́ ní tèmi, a ò sì béèrè nǹkan kan. Mi ò tíì mọ̀ títí di òní bóyá ìgbàgbọ́ ni tàbí ìbẹ̀rù lásán, ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, tí mo bá ti dúpẹ́ tán, mo máa ń dìde ni.