Sáfíìsì Àsansílẹ̀ Tí Àǹtí Mi Rà

Láti Agége títí dé Ìkẹjà, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ọkọ̀ bíi tèmi. Mo lè jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíì kí n ti mọ̀ pé bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fẹ́ já, kí ẹni tó ń wà á tó fura. Ọdún kan àti oṣù mélòó kan ni mo fi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, mi ò parí ẹ̀. Ọ̀gá mi ní ara mi ò balẹ̀, pé kí kọ́sítọ́mà tó ròyìn ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ẹ̀ tán, mo ti ṣí ẹ́ńjìnnì. Èmi mọ̀ pé ohun tí àwọn yòókù ń fi ọdún mẹ́rin kọ́, ó ti wà lórí mi. Sùkúù náà, kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti já bọ́. Ẹni tó bá fẹ́, kó máa fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kó gbé ọkọ̀ ẹ̀ wá ná.

Ọkọ̀ tí mò ń wà kì í ṣe tèmi. Ti àǹtí mi ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń rán, àwọn aṣọ búlúù tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, wọ́n ra tòkunbọ̀ kékeré kan. Àárọ̀ ni màá kó aṣọ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́. Tí mo bá já ẹrù tán, màá tan áàpù orí fóònù, màá máa gbé èrò ní Ìkẹjà, Maryland àti GRA títí di ìrọ̀lẹ́. Àdéhùn wa nìyẹn. Kí n tó bọ́ sídìí ọkọ̀ yìí, iṣẹ́ ojúmọ́ ni mò ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, mò ń ru báàgì. Ọjọ́ tí àǹtí mi fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sọ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá fi ọkọ̀ yẹn ṣeré, ìdí báàgì ni màá padà sí. Wọn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bani lásán. Wọ́n máa ń ṣe é ni.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi àtijọ́ la ti ń ṣe sáfíìsì. Èmi ni màá ra ọ́ìlì, èmi ni màá já ìdérí ẹ̀ lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Màá lóṣòó ti ọkọ̀, màá máa wo ọ́ìlì dúdú bó ṣe ń ṣàn sínú abọ́. Ohun yòówù tí wọ́n bá yọ, bóyá fílítà tàbí pọ́lọ́ọ̀gì, inú ọ̀rá dúdú ló ń lọ, màá gbé e lọ sílé fún àǹtí mi. Wọ́n á gbé e sábẹ́ gílóòbù tó wà lórí máṣíìnì wọn, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, kí wọ́n tó jù ú sínú ike ọ̀dà kan tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí gbogbo ẹni tó lọ́kọ̀ ládùúgbò wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí o ò bá rí òkú fílítà, ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀?

Súpáfáísọ̀ kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí àǹtí mi ń ránṣọ fún ló wá sọ fún wọn nípa gáréèjì kan ní Ìkẹjà. Ẹ máa san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ṣe sáfíìsì yín lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á tún máa yẹ bíréèkì, iná àti táyà wò. Owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ohun tí ọ̀gá mi máa gbà fún ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Àǹtí mi san án. Wọ́n ní ìtàn ti sú àwọn, pé lónìí ọ̀gá mi á ní pọ́lọ́ọ̀gì ni, lọ́la á ní họ́ọ̀sì ni, lọ́tùnla wọ́n á ní ó ti lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dùn mí. Ó dà bíi pé wọ́n ń sọ pé èmi àti ọ̀gá mi jọ ń jẹ níbẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń fún mi ní nǹkan fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò nígbà míì, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ tí àǹtí mi sanwó, gáréèjì yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n sì lẹ sítíkà kan mọ́ gíláàsì iwájú. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tàbí tí mítà bá ti fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà lé, èyí tó bá yá nínú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mítà fi dé ibẹ̀. Àǹtí mi ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú sáfíìsì yẹn ni mo mú ọ̀dà èékánná pupa àǹtí mi, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fa ìlà kékeré kan sí ara fílítà ọ́ìlì. Àwọn kọ́sítọ́mà ọ̀gá mi máa ń ṣe é fún wọn. Tí wọ́n bá pààrọ̀ fílítà, àmì ẹ̀ á bá a lọ. Tí wọn ò bá pààrọ̀ ẹ̀, ọwọ́ tẹ olè nìyẹn.

Gáréèjì yẹn mọ́ ju ilé ìwòsàn lọ. Éésì ń fẹ́, wọ́n gbé omi tútù fún mi, bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin kan gbé ìwé fún mi, ó fi ìka tọ́ka síbi tí màá ti buwọ́ lù, mo buwọ́ lù ú. Mo ní mo fẹ́ wọlé lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó ní kọ́sítọ́mà kì í wọ ibẹ̀. Mo lọ dúró ti gíláàsì, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni mò ń rí. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo béèrè òkú fílítà. Ó wò mí bíi pé òkú èèyàn ni mo béèrè. Ó ní kò sí fílítà kankan, pé ohun gbogbo wà nínú ìwé, pé bíréèkì iwájú ti ń jẹ tán, kí n sọ fún mádàámú. Mo sọ fún un pé tí bíréèkì bá ń jẹ, etí mi á ti gbọ́. Mo ká ìwé yẹn, mo tì í sápò.

Mo wà á dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan lápá Agége, mo páàkì, mo sùn sílẹ̀. Àmì pupa mi wà níbẹ̀ geere. Inú mi dùn débi pé mo forí gbá irin. Abẹ́ ọkọ̀ yẹn náà ni mo wà tí mo fi pe àǹtí mi.

Lọ́jọ́ kejì, àǹtí mi fi máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n wọ bàtà tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n bi mí lọ́nà.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Àǹtí mi, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi."

Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́.

Ní gáréèjì, a bá kọ́sítọ́mà bíi mẹ́rin tó jókòó. Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mánéjà jáde wá, àgbàlagbà kan tó fi okùn so awò ojú kọ́rùn. Wọ́n kí àǹtí mi dáadáa, wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n ní ká tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n mú wa wọ inú ibi tí ọmọbìnrin yẹn ní a ò lè wọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ọkọ̀ wa sókè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, àmì mi sì yọ.

"Òótọ́ lò ń sọ, àbúrò mi, a ò pààrọ̀ fílítà yìí," Mánéjà wí.

Mo yíjú wo àǹtí mi. Èmi ti rò pé ó ti tán. Mánéjà wá ní ìwé tí wọ́n fún mi lánàá ńkọ́. Mo yọ ọ́ lápò, wọ́n ní kí n kà á jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀ sì kéré bí èèrà. Mò ń kà á bí ẹni tó ń yọ egungun ẹja. Sáfíìsì kìíní, ọ́ìlì. Ìkejì, ọ́ìlì àti fílítà. Ìkẹta, ọ́ìlì. Ìkẹrin, ọ́ìlì àti fílítà. Ọwọ́ tí mo bù lù ú wà nísàlẹ̀, ó gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, torí mo máa ń fẹ́ kí sáìn mi ga. Mo ní ọ́ìlì yẹn náà ńkọ́. Wọ́n fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, wọ́n nù ún mọ́ aṣọ funfun kan. Ọ́ìlì mọ́ bí oyin.

Ká ní mo ti dákẹ́ ni. Mo tún ní wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ inú ìwé rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Mánéjà fi awò sójú, wọ́n mú ìwé míì, wọ́n kọjú sí àǹtí mi.

"Mádàámú, ọ̀rọ̀ fílítà ò tó nǹkan. Mítà ọkọ̀ yín ló ń kọ mí lóminú."

Wọ́n ṣàlàyé pé ohun tí ọkọ̀ wa rìn lọ́sẹ̀ márùn-ún, ọkọ̀ ẹni tó ń ti ilé ní GRA lọ ọ́fíìsì, tó tún ń padà, lè má rìn ín ní oṣù mẹ́rin. Irú àwọn yẹn ni wọ́n ṣe ètò sáfíìsì yìí fún. Bí tiwa bá ṣe ń sá yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin tá a san ò ní dé ìdajì ọdún. Wọ́n ní ká ní àǹtí mi sọ pé ọkọ̀ náà ń gbé èrò kí wọ́n tó sanwó, àwọn ì bá ti gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Àǹtí mi ń wo ìwé yẹn. Wọ́n mọ òǹkà dáadáa, aránṣọ ṣáà ni wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé Ìkẹjà sí Maryland ò lè fa irú mítà bẹ́ẹ̀.

"Ibo lò ń gbé ọkọ̀ mi lọ?"

Mo jẹ́wọ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni. Ìjọ aláṣọ funfun ni àǹtí mi ń lọ, tí wọ́n bá wọ sùtánà jáde láàárọ̀, ó di ọ̀sán kí wọ́n tó dé, wọ́n sì rò pé ọkọ̀ ń sinmi. Ìbàdàn ni mo máa ń gbé èrò sá lọ, nígbà míì Abẹ́òkúta. Àǹtí mi tẹ́ ọwọ́. Mo fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀.

Àǹtí mi ò lè wakọ̀, nítorí náà Mánéjà ní kí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn wà wá délé. Èmi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ tí mò ń wà. Bá a ṣe dé ibi òkè kékeré tí wọ́n mọ sójú títì, ó tẹ bíréèkì, irin ha irin fẹ́ẹ́rẹ́. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ìyẹn. Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ fi dúró. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá la fi ń kó aṣọ, èmi ni mò ń ru ìdì wọn. Mo lọ bá ọ̀gá mi kí wọ́n lè gbè mí lẹ́yìn, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Wọ́n ní èmi fa àmì, mi ò ka ìwé. Wọ́n tún sọ pé ọkọ̀ tó bá ń sá tó bẹ́ẹ̀ á mu ọ́ìlì tiẹ̀, ẹni yòówù tó bá sanwó.

Ọjọ́ kẹwàá, àǹtí mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ báàgì ló kàn. Wọn ò pariwo.

"Ká ní owó tìẹ ni, ṣé o máa ra sáfíìsì yìí?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo ẹ̀, mo rántí ìwé yẹn, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Fún ọkọ̀ tó ń kó aṣọ nìkan, màá rà á. Wọ́n rí bíréèkì tí èmi ò gbọ́. Fún bí èmi ṣe ń wà á, rárá. Ọdún lẹ sanwó fún, kìlómítà ni mò ń jẹ."

Wọ́n fi òwú sábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò ó fún mi. Bíréèkì, kí n lọ fi owó èrò mi ṣe é. Ìrìn tó bá ju ti ẹrù àti ti àdéhùn lọ, èmi ni màá san owó ọ́ìlì ẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, màá sì mú òkú fílítà wálé. Ọjọ́ Ìsinmi, kọ́kọ́rọ́ á máa bá àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo Sátidé, àwọn á máa wo mítà fúnra wọn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, láàárín ìbàdí àti àyà àwọn èèyàn. Tí mítà bá fi fo ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n lọ bá àwọn oníke.

Títí di báyìí, a ti lo sáfíìsì mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó ku ẹyọ kan, ìdajì ọdún ti kọjá, ọdún ò sì tíì pé. Ó pẹ́ ju bí Mánéjà ṣe sọ lọ, èmi ni mo jẹ́ kó pẹ́. Àǹtí mi ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá àwọn máa san ti ọdún tó ń bọ̀, pé mítà ló máa sọ. Òní ni Sátidé. Wọ́n ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń pè mí kí n wá ṣílẹ̀kùn. Mo ní láti lọ báyìí.