Síìmù Tó Ń Jẹ́ Ìyá Dáre

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi lórí ìkànnì yìí, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí síìmù ìyá mi fojú wa rí. N ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Obbo-Ile ni ìyá mi ń gbé. Èmi ń ṣe tíṣà ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, Dáre, ti gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kò sì tíì padà. Léraléra ni wọ́n ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́mbà kan ṣoṣo ló mọ̀ sórí, ti ìyá wa. Bó bá ti rí fóònù yá, á pè é. Fóònù ẹlòmíràn ló máa ń lò, nítorí náà a ò lè pè é padà. Nọ́mbà tèmi ńkọ́? Mo ti pààrọ̀ síìmù títí ó fi sú èmi gan-an!

Nígbà tí ìjọba kan ní kí kálukú lọ forúkọ síìmù sílẹ̀, oko ni ìyá mi wà. Ìyàwó mi, Fúnmi, ló bá a mú tirẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ájẹ́ǹtì tó jókòó sábẹ́ agboòrùn lọ́jà. Ó béèrè orúkọ ẹni tó ni síìmù. Hábà! Ta ló gbọ́ ọ rí lọ́dọ̀ wa pé ìyàwó ilé la ẹnu pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀? Fúnmi ní Ìyá Dáre. Ájẹ́ǹtì tẹ Ìyá Dáre. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ìjọba yẹn lọ, òmíràn dé. Ìyẹn ní ká so NIN, nọ́mbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún wa, mọ́ síìmù. A so tiwa, wọ́n ní ó ti wọlé. Èyí tó tún gbàjọba lẹ́yìn rẹ̀ ní orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á ti síìmù náà pa. N ò ní òfin náà ò nídìí. Àwọn ajínigbé ń fi fóònù ṣiṣẹ́ ibi, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù ìyá mi dákẹ́.

Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ó ń gbé e gun orí àpáta tí wọ́n ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo kó òun àti Fúnmi lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni síìmù. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní Abígẹ́ẹ̀lì ló wà lára NIN, Ìyá Dáre ló wà lára síìmù, pé Ìyá Dáre kì í sì í ṣe orúkọ.

Ìyá mi wò ó. "Ọmọ mi, gbogbo ùlú wa, orúkọ tí wọ́n mọ̀ mí sí nìyẹn."

Wọ́n ní ká lọ sí kọ́ọ̀tù, kí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ búra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Ẹ ò rí wàhálà! Akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní kí Fúnmi dá orúkọ méjèèjì. Ó pe Ìyá Dáre. Akọ̀wé ní kó máa bá a lọ. Ló bá kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi, ojú ń tì í.

"Pè é," ni ìyá mi wí. "Bí o ò bá pè mí, Dáre náà ò ní rí mi pè."

Ó pè é. Akọ̀wé ní òun ò gbọ́! Ó tún un pè, gbogbo ilé gbọ́, ó sì ń tọrọ àforíjì títí a fi délé.

Wọ́n ṣí síìmù náà. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, nọ́mbà tí a ò mọ̀ wọlé. Ohùn ọkùnrin kan ń béèrè ta ló ń sọ̀rọ̀, pé òun ti ń pe nọ́mbà yìí tipẹ́, ṣé ẹni tó ni ín ṣì wà láyé.

Ìyá mi ò rántí NIN kankan.

"Ìyá Dáre ni o," ó wí. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn náà ké pé, "Màmá, èmi Dáre ni!"

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ìjọba á máa lọ, òmíràn á máa dé, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lánàá lè má wọlé lọ́la. Ẹ yẹ síìmù àwọn àgbà yín wò nígbà tó ṣì ń dún. Kí lorúkọ tó wà lára ti màmá yín? Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀ níbí.